Ìdákẹ́jẹ́ Ìlú Kì Í Ṣe ti Etí Ẹnìkan

Ẹ̀yin Olóyè wa, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀ràn kan ti rọra wọ inú ilé wa, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó di bárakú. Ọ̀ràn náà ni ti hẹ́ẹ̀dífóònù tí ń pa ariwo, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa àti àwọn òṣìṣẹ́ wa ń dé sí etí nínú ilé. A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bá ohun tuntun jà. Ohun tí a fẹ́ wí ni pé ariwo ìlú jẹ́ ẹrù gbogbo wa. Kò sì tọ́ kí ẹni tí ó ní owó ra ìsinmi fún etí tirẹ̀ nìkan, kí ó sì gbà pé ọ̀ràn ti tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ tí ó bí i kì í ṣe ti àná, nítorí ní ọdún 1936 ni Paul Lueg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1978, Amar Bose, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, wọ ọkọ̀ òfurufú; ariwo ọkọ̀ náà ni ó mú un ronú ohun ìgbọ́ràn tí yóò borí irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989 ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń tà á fún àwọn awakọ̀ òfurufú. Ní ọdún 2000 ó ń tà á fún gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Máíkìrofóònù kékeré tí ó wà lára rẹ̀ ń gbọ́ ariwo tí ń bọ̀, ẹ̀rọ náà a sì dá ìró mìíràn tí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀: níbi tí ìgbì èkíní bá ti ga, ti èkejì a wálẹ̀, àwọn méjèèjì a sì pa ara wọn. Ìró tí ń kùn lọ láìyípadà, bí ti ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ti fáànù, ni agbára rẹ̀ ká jù. Ohùn ènìyàn, igbe ọmọ àti ìró òòlù kò rọrùn fún un bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń yára yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò ní Mushin, tàbí nọ́ọ̀sì tí ó ṣe iṣẹ́ òru tí ó sì ń wá oorun ní ọ̀sán, bí wọ́n bá dé e, ta ni yóò bá wọn wí?

Ṣùgbọ́n etí ni a fi ń gbé ilé Yorùbá. Etí ni a fi ń mọ̀ pé bàbá ti wọlé, kí a tó dìde kí i. Etí ni ìyá fi ń mọ̀ pé ọmọ ti ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Etí ni a fi ń gbọ́ “Ẹ gbà mí o” láti ilé kejì. Ọmọ tí a pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́, a ó kà á sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ rárá. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ yìí ní àkókò tirẹ̀ nínú ilé, bí oògùn ti ní ìwọ̀n: kí a lò ó fún ẹ̀kọ́, fún iṣẹ́ àti fún ìsinmi, kí a sì ṣí i kúrò nígbà tí a bá ń jẹun àti nígbà tí àgbà bá wà nítòsí.

Èyí tí ó tóbi jù ni ti ìlú. Àwọn bàbá wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe náà kò ní kí a di etí wa. Kí a sọ fún un ni ó wí. Ẹni tí ó dé ẹ̀rọ ti gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ìkókó inú yàrá kejì kò dé e, arúgbó tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò dé e. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ìlú Yúróòpù níyànjú pé kí ariwo ọkọ̀ ojú pópó má ṣe kọjá dẹ́síbẹ́lì 45 ní òru, nítorí ariwo tí ń já oorun gbà ń pa ara lára. Ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú tiwa, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́rọ̀, tí ẹnu wọn tólẹ̀, ni kò gbọ́ ariwo náà mọ́?

Òfin kò ṣàìsí. Ìjọba Nàìjíríà ṣe ìlànà lórí ariwo ní ọdún 2009. Ní ọdún 2016 ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ó yẹ kí àwọn Olóyè pe àdúgbò jọ, kí àlùfáà àti lémọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, kí a fi ohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí tí ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò dákẹ́ ní òru, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ gbé wọn sí lẹ́bàá fèrèsé aládùúgbò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé wa tòrò, kí ìlú wa sì tòrò pẹ̀lú.