Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Dé Ilé Ẹrú: Ìdáhùn Wa fún Àwọn Tó Ń Bínú

 

Látìgbà tí a ti gbé fọ́tò ìrìn àjò wa sí Gánà síbí, fóònù wa ò sinmi. Àwọn kan kí wa kú àbọ̀, a dúpẹ́. Àmọ́ àwọn tó bínú pọ̀ ju àwọn tó kí wa lọ. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé a mú àwọn ọmọdé, ọmọ tiwa mẹ́ta àti ọmọ àwọn ará ìjọ mẹ́rin, wọ inú túbú tí wọ́n ń kó ẹrú sí ní ilé olódi Cape Coast. Arábìnrin kan ní ẹ̀mí àwọn tó kú síbẹ̀ á tẹ̀lé àwọn ọmọ wálé. Bàbá kan tí a bọ̀wọ̀ fún, alàgbà ni, ní ibẹ̀ á ba ìgbàgbọ́ wọn jẹ́, torí wọ́n á rí i pé orí túbú ni ṣọ́ọ̀ṣì wà. Àwọn tó kù kàn ń béèrè pé kí ló dé tí a ò kó wọn lọ Dùbáì bí àwọn pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa.

A ò ní dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kan ọmọ, gbangba la ti ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí àwọn míì ń bínú sí ibi tí wọn ò mọ̀. Cape Coast wà létí òkun, ní ìwọ̀ oòrùn Accra, ìrìn tí kò tó igba kìlómítà. Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ kọ́ odi síbẹ̀ ní 1653. Kò pé ogún ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á, ibẹ̀ sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní etí òkun yẹn títí di 1877 tí wọ́n gbé e lọ sí Accra. Nísàlẹ̀, òkùnkùn, níbi tí wọ́n ń há àwọn ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ tà mọ́. Lókè orí wọn gan-an, ilé ìsìn. Ẹ lọ sí Elmina tí kò jìnnà síbẹ̀, tí àwọn Pọtogí kọ́ ní 1482, tí àwọn ará Hòláńdì sì gbà lọ́wọ́ wọn ní 1637: nínú yàrá tí àwọn ará Hòláńdì ti ń jọ́sìn, ọ̀rọ̀ inú Sáàmù 132 ṣì wà lára ògiri lókè ilẹ̀kùn, ní èdè wọn. Sáàmù ibi ìsinmi Ọlọ́run. Àwọn obìnrin nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà nínú ilé kan náà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, òun ló rọrùn jù.

Àwọn tó kú sínú túbú yẹn, èèyàn bíi tiwa ni wọ́n. Wọn ò ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni ní ibi. Wọ́n kó wọn, wọ́n dè wọ́n, wọ́n fi wọ́n sínú òkùnkùn títí ọkọ̀ fi dé. Báwo wá ni ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ṣe di ẹni tí à ń bá wí nínú àdúrà òru? Àbí ẹ̀jẹ̀ Jésù kì í kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni? Ní oṣù keje ọdún 2009, Ààrẹ Obama àti ìyàwó rẹ̀ mú àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì lọ síbẹ̀, ọ̀kan ọmọ ọdún mọ́kànlá, èkejì ọmọ ọdún mẹ́jọ. A ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín ní kí wọ́n lọ gba ìdáǹdè. Ńṣe la jọ ń fi fọ́tò wọn yangàn.

Ní 1998 ẹ̀wẹ̀, wọ́n gbé egungun ẹrú méjì wá sí Gánà, ọ̀kan láti Jamaica, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé wọn gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Àìpadà wọlé láti ìhà òkun, wọ́n sì lọ sin wọ́n sí Assin Manso, lẹ́bàá odò tí wọ́n ti máa ń wẹ àwọn ẹrú kẹ́yìn kí wọ́n tó kó wọn dé etí òkun. Bí ẹ bá jáde sí ìhà òkun lónìí tí ẹ bojú wẹ̀yìn, Ilẹ̀kùn Ìpadàbọ̀ lẹ máa rí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, wọ́n bá àwọn apẹja lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ aláràbarà, àwọ̀n lórí iyanrìn, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọ wa ọkùnrin fi ti wà nínú wọn. Bí ẹ̀mí kan bá wọ̀ ọ́ níbẹ̀, ẹ̀mí bọ́ọ̀lù ni, ó sì ti ní i tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Dùbáì ńkọ́? A ò bá ẹni tó ń lọ Dùbáì jà, owó rẹ̀ ni. Ìrìn àjò tó jẹ́ pé láti ilé ìtajà dé ilé ìtajà lọmọ rìn, tí ohun tó mú bọ̀ ò ju bàtà àti fọ́tò, òun là ń bá jà. Ẹnubodè mẹ́ta la kọjá ká tó dé Gánà: Sẹ̀mẹ̀, Hilakondji, Aflao. Àwọn ọmọ rí i bí wọ́n ṣe ń lu ìwé ìrìnnà lóòǹtẹ̀, wọ́n rí i bí náírà ṣe di séfà tí séfà tún di cedi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè náà, ọ̀gá kan ní ká mú owó omi tútù wá. Ìwé wa pé. A jókòó. Ó tó wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó ní ká máa lọ. Ẹ̀kọ́ Sunday school wo ló jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Oúnjẹ dìjà lọ́jọ́ kìíní. Indomie ni wọ́n ń ké sí. Ìyá ìjọ ní rárá o, ohun tí onílẹ̀ ń jẹ la máa jẹ. Kenkey bá ẹ̀kọ wa tan, àmọ́ ó kan, ó sì le díẹ̀. Ti àwọn Fante, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń wé e. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, orí ata shito ni wọ́n ti ń jà. Ìyá tó ń ta kenkey fún wa bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ wọ́n lórúkọ: Kofi fún ọkùnrin ọjọ́ Fráìdè, Esi fún obìnrin ọjọ́ Sọ́ńdè. Ọ̀kan ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, àfi ìgbà tí a pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ alàgbà wa ló wúwo. Bàbá ní kí ló dé tí a máa fi han ọmọ pé àwọn tó ń pe orúkọ Jésù ń jọ́sìn lórí orí ẹrú. Wọ́n ní ọmọ á dàgbà, á ní ìsìn òyìnbó ni, á fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bàbá, a gbọ́ yín, a sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé ọmọ náà ò ní gbọ́? Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó bá kọ́kọ́ wọ yunifásítì, ẹnìkan á jókòó tì í nínú yàrá, á fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì yẹn hàn án, á bi í pé ṣé pásítọ̀ yín sọ èyí fún yín. Ìdáhùn wo lẹ fẹ́ kó fún un? Kó ní wọ́n fi pa mọ́ fún wa? Ọjọ́ yẹn gan-an ló máa fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú túbú àwọn ọkùnrin, amọ̀nà wa pa iná. Ìṣẹ́jú kan péré. Kò sẹ́ni tó lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó tan iná padà, ó nàka sókè, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wá bi í pé: “Uncle, pásítọ̀ wọn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé àwọn èèyàn wà nísàlẹ̀?”

Ó mọ̀. Ká má purọ́ fún ọmọ.

Ọ̀kan nínú àwọn pásítọ̀ ibẹ̀, ọmọ Cape Coast gan-an ni, adúláwọ̀ bíi tiwa. Philip Quaque lorúkọ rẹ̀. Ní 1754 wọ́n mú un lọ sí ìlú ọba, ọmọdé ni. Ní 1765 ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ àlùfáà. Ó padà wálé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì ṣe àlùfáà nínú ilé olódi yẹn títí tó fi kú ní 1816. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tó dá òwò náà dúró, 1807 ló jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ogójì ọdún ó lé tí ó ń sìn lókè, tí wọ́n ń kó èèyàn sọ́kọ̀ nísàlẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó rán an ní Lọ́ńdọ̀n, ó ń ráhùn nípa àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò tó ń tọ́jú ilé olódi náà sì ń san owó fún un gẹ́gẹ́ bí àlùfáà wọn. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Ibojì rẹ̀ wà ní àgbàlá ibẹ̀. A dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. A ò sọ fún wọn pé èèyàn burúkú ni. A sọ ohun tó ṣe, a sì sọ ibi tí a rò pé ẹnu rẹ̀ wúwo sí, a wá ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún ẹnu àwọn pásítọ̀, tiwa kọ́kọ́.

Àti pé ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ ò ní gbọ́ apá kejì. Láti Cape Coast ni Thomas Birch Freeman ti wọkọ̀ ojú omi wá sí Àgbádárìgì ní 1842, ó sì dé Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀. Èbúté tí wọ́n ti kó èèyàn lọ ni ìyìn rere ti gbéra wá bá wa! Ọmọ tó bá mọ méjèèjì pọ̀, ta ló máa rí nǹkan sọ sí i létí tí yóò mì ín? Ẹ wo John Newton tó kọ Amazing Grace. Lẹ́yìn tó ti yí padà sí Olúwa, ó ṣì ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú fún ọdún mélòó kan. 1788 ló tó tẹ ìwé jáde tako òwò náà. À ń kọ orin rẹ̀ o, a ò ní dáwọ́ dúró. Àmọ́ kí ọmọ mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ má jẹ́ ká wá di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù wa, ọmọdékùnrin ni nígbà tí wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821. Yorùbá wà lára àwọn tó kó o. Èkó ni wọ́n ti tà á fún àwọn Pọtogí. A sọ ìyẹn náà fún àwọn ọmọ, wọ́n sì dákẹ́ lọ títí.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìbéèrè tó bí àwọn kan nínú gan-an ti jáde, a sì fura pé òun ló fà á tí ariwo fi pọ̀ tó báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ará ìjọ bi Ìyá ìjọ pé kí ló dé tí ọmọ ọ̀dọ̀ ilé àwọn ò bá àwọn wá. Ó ní ẹgbẹ́ òun ni. Ó ní òun kì í rí i kó lọ sílé ìwé. Ó ní bí àwọn bá ń ṣe àdúrà ìdílé ní àárọ̀, ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà, tó ń fọ abọ́, tó ń gbọ́ orin àwọn látibẹ̀.

A ò dárúkọ ilé kankan. Ẹni tó ni ilé náà mọ ara rẹ̀, ilé rẹ̀ nìkan sì kọ́. Ìdí nìyí tí a fi mú wọn lọ. Jóṣúà ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá kúrò nínú Jọ́dánì kí ọmọ lè rí i, kó béèrè. Ọmọ ti béèrè. Ẹ wá ń bínú sí òkúta.

Ní ti ọjọ́ orí, a gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí á ṣọ́ra. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà, kí ìyá rẹ̀ dúró pẹ̀lú rẹ̀ ní àgbàlá, òkun ń bẹ níbẹ̀ láti wò. Ohun tí wọ́n fi ojú àwọn obìnrin rí, àwọn tó ti bàlágà ni kí wọ́n gbọ́ ọ, kí òbí tiwọn wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò ẹ̀rín nínú túbú, a gba fóònù lọ́wọ́ ẹni méjì lórí ìyẹn, ọ̀kan kì í sì í ṣe ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú wọn lọ sí igbó Kakum kí wọ́n gun afárá okùn tó wà lókè igi, kí ara wọn lè túká.

A tún ń lọ nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akọrin ló kàn. Kí ìwé ìrìnnà àti káàdì ìbà pọ́njú wà nílẹ̀ ṣáájú. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ Ìyá ìjọ. Ẹni tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wà nílé rẹ̀ tó ti tó ọjọ́ orí, kó gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, kó sì kọ orúkọ tirẹ̀ náà sí fọ́ọ̀mù. Ìjọ máa gbé ìlàjì owó rẹ̀.