Bí Ológbò Ilé Bá Ń Sín, Ẹ Má Tíì Jù Ú Síta



Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ni wọ́n ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà lẹ́yìn àsàlátù: ológbò ilé ń sín láàárọ̀, ó ń sín lálẹ́, kí ni ká ṣe sí i? Àwọn bàbá kan ní kí wọ́n gbé e lọ jù sọ́jà. Àwọn ìyá kan ti ń wá párásítámọ̀ kiri. Àwọn ọmọdé ní tiwọn ń kí i ní "yarhamukallaahu", wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo wọn, àwọn ọmọdé nìkan ni kò tíì fẹ́ ṣe é ní ibi.

Èrò tiwa ni pé ilé ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó dá ẹran lẹ́bi. Imú ológbò kò jìnnà sílẹ̀. Eruku tí a bá gbá, òun ló ń kọ́kọ́ fà á símú. Ẹ wo ohun tó ń rú èéfín nínú yàrá kan ṣoṣo lálẹ́: tùràrí, oògùn ẹ̀fọn tí a dáná sí, sítóòfù, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Lọ́fíńdà tí a fín sára náà ń bẹ níbẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi. Nílé tiwa, a rò pé àìsàn ni, àfi ìgbà tí a kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń jó tùràrí gan-an ni ológbò wa ń sùn. A gbé tùràrí kúrò nínú yàrá. A kó lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń yàgbẹ́ sí dànù, a fi yanrìn tí a fọ̀ rọ́pò rẹ̀, a sì ń fi aṣọ tútù nu ilẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, sísín náà dín kù. Kò tán o, ó dín kù ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe gbogbo sísín ní àlẹ́jì. Lára ológbò, awọ ni ohun tí ara rẹ̀ kò gbà sábà máa ń hàn sí: yóò máa yún un, yóò máa lá ara rẹ̀ títí irun yóò fi re. Fáírọ́ọ̀sì méjì kan, herpes ti ológbò àti calici, ló wọ́pọ̀ jù nídìí sísín tó le. Herpes yìí, bó bá ti wọ ara ológbò, kì í sábà jáde mọ́. Yóò lúgọ, yóò sì tún gbérí nígbà tí ọkàn ẹran náà kò bá balẹ̀, bí ìgbà tí a kó lọ sílé tuntun tàbí tí a mú ológbò mìíràn wálé. Kì í ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tó ń jẹ́ kí ó fúyẹ́.

Ológbò tó ń sín, tí omi imú rẹ̀ mọ́ gaara, tó ń jẹun, tó ń ṣeré, ẹ lè fara balẹ̀ tún ilé ṣe ná. Ṣùgbọ́n bí ikun rẹ̀ bá ki, tó pọ́n bí omi ògì tàbí tó dà bí ewé, tí ojú rẹ̀ ń ṣomi, tí kò sì jẹun fún odidi ọjọ́ kan, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ológbò tí kò gbóòórùn oúnjẹ kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń ṣomi tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ pé koríko há síbẹ̀, tàbí pé eyín ti jẹrà. Èyí tó bá ń ya ẹnu mí, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní párásítámọ̀ rárá. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí yóò fi túká. Ìdajì hóró lè pa á. Ẹ má fi róòbù pa á nímú, nítorí yóò lá a. Oògùn ìfọlẹ̀ tó máa ń funfun bí wàrà nígbà tí a bá da omi sí i, májèlé ni fún un.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ikun rẹ̀ ń ba aṣọ ìrun jẹ́. Abu Qatadah, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, tẹ igbá omi àlùwàlá rẹ̀ kí ológbò lè mu nínú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin. Ní ọ̀nà Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, itọ́, òógùn àti ikun ẹran tó wà láàyè mọ́. Ẹ nù ún nítorí ìmọ́tótó, kí ẹ kírun yín.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. A kò ní fi ẹni tí kò tíì san owó ilé-ìwé ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. A sì gbọ́ ohun tí bàbá kan sọ, pé obìnrin tí hádíìsì sọ pé ó wọ iná nítorí ológbò, ńṣe ló tì í mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó lọ wá tirẹ̀. Pé òun ní tòun fẹ́ tú u sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ológbò tí a ti fi oúnjẹ ilé tọ́, tí imú rẹ̀ dí, tí kò gbóòórùn eku mọ́, kí ni yóò wá jẹ lọ́jà? Àwa la mú un wálé nítorí eku.

Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti Ìlọrin àti ti ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tó ń sín, yàrá tó wà, àti ohun tó ń jó níbẹ̀. Wọn yóò bi yín.