Orúkọ Nìkan Kò Tó ní Orí Kejì

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ oyè lórí àwọn ìwé pélébé ọjà Onitsha kì í pẹ́ kọsẹ̀ ní orí kejì, níbi àyẹ̀wò iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Orúkọ àwọn tó ti kọ̀wé lórí wọn ló máa ń tò: Nwoga sọ báyìí ní 1965, Obiechina sọ báyìí ní 1973, Thometz sọ tirẹ̀ ní 2001. Ó parí! Bí alága tó ń ka orúkọ àwọn tó dáwó níbi ìkówójọ ló rí: gbogbo èèyàn gbọ́ orúkọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fowó ṣe.

Kí àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí máa fèsì síra wọn ni iṣẹ́ orí kejì. Ẹ mú Veronica My Daughter, eré tí Ogali A. Ogali kọ ní 1956. Bàbá tí kò kàwé fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún olóyè olówó, ọmọ ní Mike lòun fẹ́. Obiechina rí àyípadà àwùjọ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ẹ̀kọ́ ìwé, ìgbé ayé ìlú ńlá, ìfẹ́ ìgbàlódé. Thometz ní tirẹ̀ ṣa àwọn ìwé náà jọ fún òǹkàwé Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ pátápátá, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì béèrè.

Kò sí àwáwí mọ́. Yunifásítì Kansas ti gbé díẹ̀ nínú àwọn ìwé pélébé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fúnra rẹ̀ kà wọ́n láti fi wọn ohun tí àwọn òǹkọ̀wé sọ wò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orí kejì tó jẹ́ orúkọ lásán padà fún ẹni tó kọ ọ́.