Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Náà Wà?

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ìjọ kan a máa to àpò ìrẹsì síwájú pẹpẹ. Wọn a pe àwọn opó jáde lórúkọ, ayàwòrán a ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóńgò kan. Jésù ti kìlọ̀ fún ẹni tó ń fọn fèrè kó tó ta aláìní lọ́rẹ. Kámẹ́rà kò tíì dé nígbà náà. Ìrẹsì ọ̀hún wúlò, ẹni tébi ń pa kò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kristẹni, oúnjẹ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ àánú. Ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ lórí oúnjẹ náà wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀hún pẹ̀lú.

Orí kẹfà ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ló fi èyí hàn jù. Ní Jerúsálẹ́mù, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn dá nínú oúnjẹ tí ìjọ ń pín lójoojúmọ́. Ẹjọ́ tó lè fọ́ ìjọ sí méjì ni. Àwọn àpọ́sítélì kò pe àwọn tó ń kùn ní aláìmoore, wọn kò sì fi ààwẹ̀ pa á mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tó lórúkọ rere. Àwọn tí wọ́n yàn ni Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórù, Tímónì, Páménà àti Níkólà ará Áńtíókù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àfàìmọ̀ ni kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ gan-an ni ìjọ fa oúnjẹ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́wọ́ lé wọn lórí, wọ́n gbàdúrà fún wọn, bí ìgbà tí wọ́n ń rán oníwàásù jáde.

Pọ́ọ̀lù náà kò fi owó aláìní ṣeré. Nígbà tó ń gba ọrẹ jọ fún àwọn onígbàgbọ́ Jerúsálẹ́mù, ó kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ìdọ́gba lòun ń wá, ó sì rán Títù àti arákùnrin méjì mìíràn sí wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àléébù sọ nípa owó náà. Àpọ́sítélì ni o! Àlùfáà Bàsílì ti Kesaríà, ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyàn mú ní nǹkan bí ọdún 369, ó sọ fún àwọn olówó tó kó ọkà pamọ́ pé ẹrù ẹlẹ́rù ni wọ́n gbé dání. Gbèsè ni ọrẹ àánú lójú rẹ̀.

Àwọn kan á ní oore-ọ̀fẹ́ ló ń gbani là, kì í ṣe iṣẹ́ rere, wọn a sì fi Luther, alátùn-únṣe ìjọ, gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Luther yìí kan náà ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìlànà àpótí owó tí ìjọ Leisnig, ní Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1523 fún ìtọ́jú aláìní, arúgbó àti ọmọ òrukàn. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun kò lè fi iṣẹ́ ra ọ̀run kò tún ní èrè kan tó ń wá lára aládùúgbò rẹ̀. Àgádágodo mẹ́rin ló wà lára àpótí Leisnig náà. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú, ọ̀kan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé. Bí àgbẹ̀ kò bá dé, àpótí kò ní ṣí.

Nínú ìjọ òde òní, alàgbà, díákónì àti ọlọ́lá ló sábà máa ń kún ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ kì í mọ iye tó wọlé. Kí ìjọ yan opó àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ yẹn, kí wọ́n ṣí ìwé owó síwájú wọn, kí owó kankan má sì jáde láìsí ìbuwọ́lù wọn.