Aṣọ Egbò Tó Ń Bá Kòkòrò Jà: Kí La Tún Ń Dúró Dè?

Bí ọmọ bá ṣubú lórí ọ̀kadà, tàbí tí epo gbígbóná dà sí ìyá alákàrà lẹ́sẹ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe nílẹ̀ yìí. Wọ́n á ránṣẹ́ sí kẹ́mísítì àdúgbò, wọ́n á ra kápúsù tẹtirasáíkílìn aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, wọ́n á tú u, wọ́n á sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. N kò bú ẹnikẹ́ni o. Ẹni tí egbò ń ta kì í ráyè gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun yẹn kì í pa gbogbo kòkòrò tó wà níbẹ̀ tán. Àwọn tó bá yè é ló ń bímọ, oògùn yẹn kì í sì í ran àwọn ọmọ wọn mọ́. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i.

Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet lọ́dún 2022 fi hàn pé ní 2019 nìkan, kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ ṣekú pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.27 káàkiri ayé. Ibi tó ti burú jù lọ ni ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀dọ̀ tiwa níbí: nínú 100,000 èèyàn, ó pa bíi 27. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí nípa aṣọ egbò kan tí àwọn onímọ̀ ń fi fọ́nrán tín-ín-rín hun, tó sì ń bá kòkòrò jà fúnra rẹ̀. Nánófáíbà ni wọ́n ń pe fọ́nrán náà. Ó tín-ín-rín débi pé èèyàn lè to ọgọ́rùn-ún nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó irun orí kan ṣoṣo.

Pọ́límà ni wọ́n fi ń ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe okùn tí dókítà ń fi rán ojú iṣẹ́ abẹ, tó ń yòrò nínú ara láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú u. Wọ́n á yọ́ pọ́límà yìí sínú omi tàbí kẹ́míkà, wọ́n á fà á sínú síríńjì, wọ́n á sì so iná mànàmáná tí fóltéèjì rẹ̀ tó 10,000 sí 30,000 mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Iná yìí á fa ẹ̀kán tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ títí tí yóò fi ṣe ṣóńṣó. Láti ẹnu ṣóńṣó yẹn ni fọ́nrán á ti já jáde, á máa yí po nínú afẹ́fẹ́, á gbẹ kó tó balẹ̀ sórí pátákó irin tí wọ́n gbé kalẹ̀ dè é. Bó ṣe ń balẹ̀ léra wọn ló ń di aṣọ. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní: John Cooley ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1902, Anton Formhals náà sì gba tirẹ̀ ní 1934. Ẹ má sì jẹ́ kí fóltéèjì yẹn bà yín lẹ́rù. Ohun tí ẹ̀rọ kékeré ti yàrá ìwádìí ń fà nínú iná kò pọ̀, sólà lè gbé e.

Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá ti ṣí bándéèjì lójú egbò rẹ̀ rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Aṣọ náà á ti gbẹ mọ́ ẹran ara. Bí wọ́n bá fà á, ẹran tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù á bá a ya, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Aṣọ oní-nánófáíbà jọ àwọ̀n tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ta kí ẹran tó hù lé e. Afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, omi egbò kì í dúró sábẹ́ rẹ̀, ihò ara rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í rọrùn fún kòkòrò láti gbabẹ̀ wọlé. Nanomedic, ilé iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, tiẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí wọ́n ń nà sí ojú ibi tí iná ti jóni, tí yóò hun aṣọ yìí sára aláìsàn ní tààràtà. Bí awọ tuntun bá hù tán, á ṣí kúrò fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pò mọ́ fọ́nrán náà ló ń pa kòkòrò. Ó lè jẹ́ èérún fàdákà tín-tìn-tín. Ó lè jẹ́ kaitósàn, èyí tí wọ́n ń rí yọ lára èèpo edé àti alákàn: ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò títí awọ rẹ̀ á fi ya. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní American University in Cairo, ní Íjíbítì, gbé iṣẹ́ jáde lórí fọ́nrán tí wọ́n fi oyin àti kaitósàn hun. Oyin, tí àwọn bàbá wa ti ń fi sójú egbò láti ìgbà ìwáṣẹ̀!

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì LAUTECH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èèpo kòkó, èèpo obì, àní òwú aláǹtakùn pàápàá, ṣe irú èérún fàdákà yìí, wọ́n sì ti fi hàn nínú yàrá ìwádìí pé ó ń pa kòkòrò. Gbogbo ayé ló ń ka iṣẹ́ wọn. Èèpo kòkó ń jẹrà lóko Oǹdó, èèpo edé àti alákàn ń di ìdọ̀tí létí òkun Ìlàjẹ, àwa sì ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ra bándéèjì. Èyí dùn mí gan-an.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni sáré gbé e lọ sọ́jà. Lọ́dún 1975, àwọn dókítà Massachusetts General Hospital ní Boston ròyìn kòkòrò Salmonella kan tí fàdákà kò ràn mọ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó. Aláìsàn mẹ́ta ló kú, wọ́n sì ní láti ti wọ́ọ̀dù náà. Fàdákà tó bá pọ̀ jù sì ń ṣèpalára fún ẹran ara tó ń hù. Nítorí náà, lójú tèmi, kaitósàn àti oyin ni kó síwájú, kí fàdákà wà fún egbò tó bá le. Ní ti oògùn tí à ń gbé mì, irú tẹtirasáíkílìn, kò yẹ kí wọ́n fi sínú aṣọ tí ẹnikẹ́ni lè rà ní kẹ́mísítì. Ilé ìwòsàn nìkan ni kó kọ́kọ́ máa lo aṣọ egbò yìí, lẹ́yìn tí àjọ NAFDAC bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó kù ni àárín yàrá ìwádìí sí ibùsùn aláìsàn, ibẹ̀ sì ni owó kì í dé. Ẹ wo àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ti dá egbò sí lẹ́sẹ̀, tí mọ̀lẹ́bí ń ra gọ́ọ̀sì àti ìbọ̀wọ́ fúnra wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn nígbẹ̀yìn. Mo bẹ ẹ̀yin gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, mo sì bẹ àjọ DAWN n'Íbàdàn, tó ń rí sí ìdàgbàsókè ilẹ̀ Yorùbá: ẹ pawọ́ pọ̀, ẹ fi owó sílẹ̀ nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí LAUTECH, ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀ lè jọ hun aṣọ yìí, kí wọ́n sì dán an wò lára àwọn tí iná jó àti àwọn onítọ̀ ṣúgà tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta fún gbogbo wa lédè Yorùbá, bó dára, bí kò dára.