Àáké Ńkọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, inú ń bí mi o. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá wa lálẹ́ ọjọ́ kan, ni ọ̀rẹ́ mi bá sọ ọ́ sí mi lójú pé irú àwa tí a kì í gbà gbọ́ nígbà tí agbébọn bá ní òun ti jáwọ́, àwa gan-an ni ò jẹ́ kí àlàáfíà wá. Háà! Bọ́mọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá dìde ní fẹ́lóṣíìpù, tó ń jẹ́rìí pé òun ti di àtúnbí, ṣebí gbogbo wa la máa ń wo ara wa lójú: àáké ńkọ́? Ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé ọ̀tá àlàáfíà ni gbogbo wa nìyẹn?

Ẹ rántí ọdún 2014. Lóru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 nílé-ìwé wọn ní Chibok. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, Alex Badeh, olórí gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé ìjọba àti Boko Haram ti fohùn ṣọ̀kan láti dáwọ́ ìjà dúró. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ń bọ̀ wálé. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnu ìjọba la ti gbọ́ ìlérí agbébọn! Ọkùnrin kan tó pera ẹ̀ ní agbẹnusọ wọn náà sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́n rí? Ọ̀pọ̀ aráàlú mirí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Boko Haram fi gba Mubi ní Adamawa, ìpínlẹ̀ Badeh fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Shekau jáde nínú fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, òun sì ti fàwọn ọmọ náà fọ́kọ.

Ta ló jẹ̀bi níbẹ̀, ẹni tó ṣiyèméjì àbí ẹni tó fi ìrètí òbí ta tẹ́tẹ́? Ìkéde yẹn bí mi nínú ju fídíò Shekau lọ, ẹ má bú mi. Shekau ò ṣèlérí fún ìyá ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á ní, ṣé agbébọn ò lè yí padà ni? Ó lè yí padà. Ẹ wo IRA, àwọn tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà ní Àríwá Ireland. Ọdún 1994 ni wọ́n kéde pé àwọn dáwọ́ ìjà dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, bọ́ǹbù wọn bú gbàù ní Docklands ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn méjì kú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n tún ní ogun parí ní 2005, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó mọ́. John de Chastelain, ọ̀gágun ọmọ Kánádà, lọ fojú ara ẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe sọ ohun ìjà wọn di aláìwúlò. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì bá a wò ó, ọ̀kan Kátólíìkì, ọ̀kan Mẹ́tọ́díìsì. Síbẹ̀, Ian Paisley ní fọ́tò dà? Baba yìí kan náà ló jókòó ṣèjọba pẹ̀lú Martin McGuinness, ọ̀gá IRA àtijọ́, ní 2007. Iyèméjì ẹ̀ ò pa àlàáfíà.

Tiwa ńkọ́? Oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni 82 lára àwọn ọmọ Chibok padà; wọ́n fi àwọn ọ̀gá Boko Haram kan pààrọ̀ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń bẹ ìyá kankan pé kó gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó rí ọmọ ẹ̀. Àwọn ìyá tí tiwọn ò tíì dé wà ní Chibok títí dòní. Kí ọ̀rẹ́ mi yẹn lọ bá wọn, kó lọ sọ fún wọn pé àwọn ni ọ̀tá àlàáfíà.