Àjọjẹ Ò Dùn Bẹ́nìkan Ò Ní

"Ṣé ẹ ti jẹun níbí rí?" Ìbéèrè tí ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kọ́kọ́ bi wá nìyẹn. A ní rárá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: àwo kéékèèké ni wọ́n ń tà, kì í ṣe pé oníkálukú á ra tirẹ̀, ńṣe la máa jọ jẹ ẹ́, ká ṣírò àwo méjì sí mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ á sì máa jáde bó bá ṣe ń jinná. Àwa márààrún wo ojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí o! Àwa ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń kọ́ ní àjọjẹ.

Ẹ̀rín yẹn ò bá wa délé. Ohun tó gbé e lọ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní fi bò, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ti ṣe irú ẹ̀ rí, tàbí kí wọ́n ti ṣe é fún yín.

Ilé oúnjẹ náà ò jìnnà sí Whalebone Lane. Irú èyí tó pọ̀ ní London báyìí ni, tó da oúnjẹ Ṣáínà, Jàpáánì, Kòríà àti Táílàǹdì pọ̀ sójú kan. Àwa nọ́ọ̀sì mẹ́rin ni, pẹ̀lú àbúrò kan tó ń ṣe iṣẹ́ carer, tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Èmi ni mo pè wọ́n. Gyoza dé, mẹ́rin ni. Bao dé, ìyẹn búrẹ́dì funfun tí wọ́n fi ooru sè tí wọ́n ki ẹran sínú ẹ̀, mẹ́ta ni. Èèyàn márùn-ún, gyoza mẹ́rin: ta ni ò ní í jẹ? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kéré jù, tó dé ìlú yìí gbẹ̀yìn, tó ń pe gbogbo wa ní àǹtí. Gbogbo ìgbà tí àwo bá dé iwájú ẹ̀, á ní, "Ẹ máa jẹ ẹ́, Àǹtí, mo ti yó." Omi ẹ̀rọ ló mu. Àwa tó kù mu ọtí aláwọ̀ mèremère, àwọn kan nínú wa mu méjì.

Bíìlì dé. Oúnjẹ £108, ọtí £60. Wọ́n fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún àwọn tó gbé oúnjẹ, ó di £189. Kí n tó lanu, ọ̀kan nínú wa ti gbé fóònù jáde: "Ẹ jẹ́ ká pín in sọ́nà márùn-ún, ó parí." £37.80 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àbúrò yẹn na káàdì ẹ̀, ẹ̀rọ dún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà san tèmi. Mo dákẹ́.

Ilé ni mo ti wá ṣírò ẹ̀ dáadáa. Láti April 2025 tí a wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, £12.21 ni owó wákàtí kan tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ yìí ní kí wọ́n san fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Owó alẹ́ ọjọ́ yẹn ju iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ká ní a yọ ọtí kúrò, tí a pín oúnjẹ nìkan dọ́gba, £24.30 ni ì bá san. £13.50 tó kù, ọtí tiwa ló bá wa san. Ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù lórí tábìlì ló ra ọtí fún àwọn àǹtí ẹ̀.

Ìyẹn la wá ń pè ní àjọjẹ? Rárá o. Nílé wa, abọ́ kan la fi ń jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n abọ́ yẹn ní òfin. Iye orí ni iye ẹran. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹran kí òkèlè tó tán. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá yá jù, wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Àgbà tó bá sì jókòó ti abọ́ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ nǹkan kù fún ọmọdé, torí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló máa ru igbá ẹ̀ délé. Ẹ tún wo àjọ tí a ń dá. Iye kan náà ni gbogbo wa ń dá, iye kan náà ni oníkálukú ń kó bó bá kàn án. Bíìlì tí a pín dọ́gba lórí oúnjẹ tí a ò jẹ dọ́gba, àjọ tí ẹnì kan ń dá tí kò ní kó láéláé ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹ̀bi ru àwọn ará Éṣíà. Níbi tí àwọn ará Ṣáínà bá ti jọ jẹun, ìjà ni wọ́n máa ń fi bíìlì jà, kálukú fẹ́ dá a san. Ní Kòríà, ọmọdé ò ní í mú ṣíbí kí àgbà tó mú tirẹ̀, àgbà náà ló sì sábà máa ń sanwó. Òfin wọn jọ tiwa. Láti 1992 tí Alan Yau ti ṣí Wagamama àkọ́kọ́ sí Bloomsbury, pẹ̀lú tábìlì gígùn tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lè jókòó tì yín, ni London ti ń ta ìjókòópọ̀ fún wa. Àwo ni wọ́n ń tà. Wọn ò ta òfin mọ́ ọn. Àwa tí a ti ní òfin nílé, a gbàgbé ẹ̀ sílé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ìwà ahun ni ká máa ṣírò owó lórí tábìlì. Ahun kẹ̀? Ẹni tó mu ọtí méjì tó ní ká pín in dọ́gba, ta gan-an ni ahun níbẹ̀? Wọ́n á ní kó má wá mọ́ nígbà tó mọ̀ pé òun ò lówó. Ó lówó ohun tó jẹ. Owó ohun tí kò jẹ ni kò ní. Wọ́n á ní ṣebí ó lẹ́nu, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ṣé ó máa wo ojú àǹtí mẹ́rin kó ní ẹ yọ ọtí yín kúrò? Ìtẹríba tí a fi tọ́ ọ náà la fi rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ £13.50 lásán ni. Àwọn carer tó tọrọ físà láti wá láti 11 March 2024 ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ bọ̀. Irú wọn ni àbúrò yìí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun nìkan ló ń jẹun nínú yàrá tó háyà. Tábìlì wa ni mọ̀lẹ́bí tó ní níbí. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti pè é lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, Àǹtí." Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ n fi orúkọ àdúgbò yẹn bá yín sọ̀rọ̀. Egungun àbùùbùtán tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ló sọ ibẹ̀ ní Whalebone. Daniel Defoe kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò ẹ̀ ní àwọn ọdún 1720 pé inú odò Thames ni wọ́n ti mú ẹran omi náà, ní 1658, ọdún tí Oliver Cromwell kú. Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún un: à-bù-ì-bù-tán, ohun tí a bù, bù, tí kò tán. Ní ọ̀nà àbùùbùtán la jókòó sí, a ò bù kan ẹni márùn-ún.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ síbi àwo kéékèèké, ẹ gbé òfin ilé dání. Ẹni tó pe èèyàn ni kó sanwó. Bí kò bá lè dá a san, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Kí ẹ tó ra àwo, ẹ béèrè iye tó wà nínú ẹ̀. Bí kò bá kárí, ẹ ra méjì. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀pà tàbí edé ò bá ara ẹnikẹ́ni mu, torí gbogbo ọwọ́ ló ń wọ àwo kan náà. Ọtí lọ́tọ̀, oúnjẹ lọ́tọ̀. Àgbà ló sì gbọ́dọ̀ sọ gbogbo èyí, kí ọmọdé má bàa tijú.

Màá pe àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé èmi ni mò ń sanwó. Èkejì ni pé kó má bínú.